Irọ́ Ni Pé Ọwọ́ Wa Ló Ń Ba Fóònù Jẹ́

Ẹ gbé fóònù tí ojú rẹ̀ ti dàrú lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníṣẹ́ èyíkéyìí ní Ajégúnlẹ̀, ẹ ó gbọ́ ẹ̀sùn kí ẹ tó gbọ́ iye owó. "Mọ́mì, ẹ ti jẹ́ kó já bọ́." Bí ẹ bá ní kò já bọ́ rí, á ní a jẹ́ pé ẹ jókòó lé e. Bí ẹ bá ní ẹ ò jókòó lé e, omi ló kàn án. Bí kò bá sí ti omi, ṣájà tí ẹ ń lò ni kò dáa. Bí ṣájà bá sì jẹ́ èyí tó bá fóònù wá nínú páálí, á ní ẹ máa ń fi í sórí iná mọ́jú. Kò sí ìdáhùn tí ẹ fẹ́ fún un tí ọ̀rọ̀ ò ní padà já sí yín lórí. Ajégúnlẹ̀ tí mo ń wí yìí ni ti ojú ọ̀nà Ìkòròdú, èyí tí èèyàn ń kàn lẹ́yìn Máìlì 12 àti Òwódé Onírin, kì í ṣe èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àpápá. Ṣùgbọ́n bó ṣe rí níbẹ̀ ló rí ní Kẹ́tù àti Ìkòsì, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí ní Otigba ní Ìkẹjà, níbi tí wọ́n ti ń wá ra fóònù láti ibi gbogbo ní Nàìjíríà.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé kì í ṣe ẹni tó fẹ́ gbowó lọ́wọ́ wa nìkan ló ń sọ ọ́. Àwa fúnra wa ti gbà á gbọ́. Ìyá ń sọ ọ́ fún ọmọ, ọkọ ń sọ ọ́ fún ìyàwó, ọ̀gá á sọ ọ́ fún ọmọṣẹ́ kó tó yọ owó àtúnṣe nínú owó oṣù rẹ̀. Ẹni tí nǹkan rẹ̀ bàjẹ́ ni á tún máa ṣàlàyé, tí á máa búra, bíi pé ó jalè. Ohun tí tọmọdé tàgbà ń tún sọ ni pé fóònù kì í ṣàdédé bàjẹ́, èèyàn ló ń bà á jẹ́. Mo ní irọ́ ni, irọ́ náà sì ń ná wa lówó.

Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu wọn. Wọ́n ní a kì í tọ́jú nǹkan. Ọ̀dọ́mọkùnrin á ki fóònù bọ àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò, á sì fi ìdí lé e lórí ìjókòó onípákó nínú dánfó. Ìyá ọlọ́jà á dì í mọ́ ìró pẹ̀lú owó àti kọ́kọ́rọ́. Awakọ̀ á gbé e ka iwájú gíláàsì ọkọ̀ nínú oòrùn láti àárọ̀ títí dalẹ́. Wọ́n ní ẹni méjì lè ra fóònù kan náà lọ́jọ́ kan náà, kí ẹnì kan lo tirẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, kí ti ẹnì kejì má lo oṣù mẹ́fà. Kí ló fa ìyàtọ̀ bí kì í bá ṣe ọwọ́? Wọ́n ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fóònù ní mílíọ̀nù mílíọ̀nù kò ní mọ̀ọ́mọ̀ ta èyí tó lálèébù, nítorí orúkọ ara rẹ̀ ló máa bàjẹ́. Wọ́n tún ní ẹni tó bá fẹ́ èyí tó lágbára, kó lọ ra olówó ńlá.

Ọ̀rọ̀ tó ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ ni, n kò fojú kéré rẹ̀. Gíláàsì tó fọ́ yángá, tí gbogbo ojú rí ibi tó ti gbá kankéré, kò sí ẹni tó ń bá olówó rẹ̀ jiyàn. Ohun tí mò ń bá jà ni pé wọ́n mú ẹjọ́ gíláàsì tó fọ́, wọ́n fi dá gbogbo àìsàn fóònù. Ìlà aláwọ̀ ewé tó ṣàdédé là ojú fóònù já láti òkè délẹ̀. Fóònù tó ń tẹ ara rẹ̀, tó ń pe nọ́ńbà tẹ́nikẹ́ni kò pè. Àwòrán tó lẹ̀ mọ́ ojú tí kò lọ mọ́. Bátìrì tó wú tó fi ti ojú fóònù kúrò lórí ara rẹ̀. Ṣé ọwọ́ ló fa gbogbo èyí?

Ẹ jẹ́ ká gbé ìjábọ́ yẹ̀ wò, nítorí òun ni wọ́n fẹ́ràn jù. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, Apple gbé iPhone 6 àti 6 Plus jáde. Nígbà tó yá, ọ̀pọ̀ àwọn tó ra 6 Plus bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìlà eérú kan tó ń ṣẹ́jú lókè ojú fóònù, lẹ́yìn náà ni ojú fóònù kò ní gbọ́ ìka mọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, ilé iṣẹ́ náà dáhùn. Ó ní fóònù wọ̀nyẹn ti já bọ́ sórí ilẹ̀ líle lọ́pọ̀ ìgbà ni, kí ẹni tó bá fẹ́ àtúnṣe mú dọ́là 149 wá. Ṣé ẹ gbọ́ ohùn yẹn? Ohùn oníṣẹ́ Ajégúnlẹ̀ gan-an ni, àfi pé California ló ti wá. Nígbà tó di ọdún 2018, ìwé inú ilé iṣẹ́ náà tú síta nínú ẹjọ́ tí àwọn oníbàárà pè é. Ìwé ọ̀hún fi hàn pé kí wọ́n tó ta ẹyọ kan rárá, àyẹ̀wò tiwọn ti sọ fún wọn pé ó rọrùn kí 6 Plus tẹ̀ ní ìlọ́po 7.2 ju iPhone 5s lọ, kí iPhone 6 sì tẹ̀ ní ìlọ́po 3.3. Bí ara fóònù bá ti ń tẹ̀, ẹ̀yà kékeré inú rẹ̀ tó ń gba ìṣẹ́ ìka á máa yẹ̀ lórí pátákó tí wọ́n jó o mọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, wọ́n ti rọra bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́ẹ̀ dì í mọ́bẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń ṣe lọ́tun. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí wọ́n ti tún un ṣe níkọ̀kọ̀ ni wọ́n jáde wá sọ fún aráyé pé ìjábọ́ ló fà á.

Ká tiẹ̀ wá ní fóònù já bọ́. Ṣé ohun tí a ń mú lọ́wọ́ láti ìdájí títí di òru kò ní í já bọ́ ni? Láti ogúnjọ́ oṣù kẹfà ọdún 2025, òfin tó de títa fóònù ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní fóònù tí kì í ṣe oníkíká gbọ́dọ̀ lè já bọ́ nígbà 45 nínú àyẹ̀wò, láìfi gáàdì bo ojú rẹ̀, kó sì tún máa ṣiṣẹ́. Nígbà 45! Àwọn tó ṣe òfin yẹn mọ̀ pé ìjábọ́ wà lára lílò. Bàtà tó já lójú ọ̀nà, ṣé ẹni tó tà á lè sọ pé ìrìn tí a fi í rìn ló bà á jẹ́, kí a sì gbà?

Ọ̀rọ̀ omi rọrùn láti gbà gbọ́ ní Ajégúnlẹ̀, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Odò Ògùn ń kọjá nítòsí wa, bí òjò bá sì pọ̀ tí wọ́n ṣí omi sílẹ̀ láti ìsédò Ọ̀yán lápá Abẹ́òkúta, ọ̀dọ̀ wa, Òwódé Ẹlẹ́dẹ̀ àti Agílítì ló máa ń dé. Àwọn kan ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti inú ilé wọn dé ojú títì. Nítorí náà, bí oníṣẹ́ bá ti tú fóònù, tó fi ìlẹ̀mọ́ kékeré inú rẹ̀ hàn wá, èyí tó máa ń funfun tí í sì í pọ́n bí omi bá kàn án, ẹnu wa á pa mọ́. Ẹjọ́ tán.

Ẹjọ́ ò tíì tán. Ta ló sọ fún wa pé omi ò lè ṣe fóònù ní nǹkan kan? Àwọn tó ń tà á náà ni! Wọ́n gbé e sínú omi nínú ìpolówó, wọ́n dárúkọ mítà àti ìṣẹ́jú tó lè lò nísàlẹ̀ omi, wọ́n sì wá kọ ọ́ sínú ìwé wọ́ráńtì pé àwọn kò ní tún èyí tí omi bà jẹ́ ṣe. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, àjọ tó ń rí sí ìdíje ọjà ní Ítálì bu ìtanràn mílíọ̀nù 10 owó yúrò lé Apple lórí ìtakora yìí gan-an. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ilé ẹjọ́ ní Ọsirélíà ní kí Samsung san mílíọ̀nù 14 dọ́là ilẹ̀ náà. Ìpolówó wọn fi Galaxy hàn nínú adágún ìwẹ̀ àti nínú òkun, bẹ́ẹ̀ wọ́n gbà pé bí èèyàn bá fi ṣájà sí i nígbà tó ṣì tutù, ẹnu ṣájà lè dípẹtà. Ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé nǹkan òun lè wẹ̀, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú sí ẹni tó gbà á gbọ́.

Ti ṣájà ló ṣòro jù láti gbọ́ láìkanra. Wọ́n ní a kì í lo ojúlówó. Ó dáa, ta ló yọ ojúlówó kúrò nínú páálí? Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020 tí iPhone 12 jáde, Apple kò fi orí ṣájà sí i mọ́. Samsung tẹ̀ lé e pẹ̀lú Galaxy S21 ní oṣù kìíní ọdún 2021. Bùràsíìlì kò gbà: ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ìjọba wọn bu ìtanràn lé Apple, wọ́n sì ní kó dẹ́kun títa iPhone tí kò bá ṣájà wá. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó ti ná owó rẹ̀ tán lórí fóònù á dúró ní Kẹ́tù, á ra ṣájà tí apá rẹ̀ ká lọ́wọ́ ọmọ tó ń kiri. Lọ́jọ́ tí fóònù bá kú, ẹni tó tà á fún un láìsí ṣájà ni á na ìka sí i pé ṣájà rẹ̀ ló pa á. Wọ́n á tún fi iná mọ̀nàmọ́ná kún un, pé ó ń lọ ó ń bọ̀. Ṣé àṣírí ni iná Nàìjíríà jẹ́ fún ẹni tó ń kó fóònù wá tà ní Nàìjíríà?

Ní 2016 tí Galaxy Note 7 ń gbiná lọ́wọ́ àwọn èèyàn, àwọn kan kọ́kọ́ ní ṣájà àti àìṣọ́ra ló fà á. Samsung fúnra rẹ̀ ló dáhùn ní oṣù kìíní ọdún 2017: bátìrì tí ilé iṣẹ́ kìíní ṣe, igun rẹ̀ ló tẹ̀ nínú, èyí tí ilé iṣẹ́ kejì fi rọ́pò rẹ̀, ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ ló ta gógó tó fi gún inú. Ẹ̀bi oníbàárà kò sí níbẹ̀ rárá.

Ooru ńkọ́? Ìtọ́sọ́nà Apple ní kí a máa lo iPhone níbi tí ooru àyíká kò bá ju 35 lọ lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ṣíọ̀sì. Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù onípáànù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Máìlì 12 ní ọ̀sán oṣù kẹta, kí ẹ sọ fún mi bóyá ooru ibẹ̀ dúró ní 35. Ojú AMOLED tí wọ́n ń pọ́n lónìí, tí dúdú rẹ̀ dúdú kirikiri, oríṣi èròjà kan tó ń tan iná fúnra rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Èròjà náà ń darúgbó bí a ṣe ń lò ó, búlúù inú rẹ̀ ló ń tètè kú jù, ooru sì ń mú un yára. Ní 2017, Pixel 2 XL kò tíì pé oṣù kan lọ́jà tí àwòrán fi ń lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀, Google sì ní láti sọ wọ́ráńtì rẹ̀ di ọdún méjì. Ẹni tó bá fẹ́ tajà l'Ékòó, ooru Èkó wà lára ohun tó gbọ́dọ̀ rò mọ́ iṣẹ́. Bí kò bá lè rò ó, kó má gbé e wá.

Mo wá dé orí èyí tí wọ́n kà sí ọ̀pá tí kò ṣeé ṣẹ́: bó bá jẹ́ àṣìṣe ilé iṣẹ́ ni, kí ló dé tí ti gbogbo èèyàn kò bàjẹ́? Ẹ dúró síbí dáadáa, nítorí ibí ni ọ̀pọ̀ wa ń kọsẹ̀. Àlèébù ilé iṣẹ́ kì í sábà wà nínú gbogbo ẹrù. Ó lè wà nínú èyí tí wọ́n ṣe láàárín oṣù kan sí òmíràn, tàbí èyí tí bátìrì rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan. Nígbà tí Samsung kọ́kọ́ ní kí wọ́n dá Note 7 padà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án 2016, 35 péré ni ìròyìn iná tó ti dé ọ̀dọ̀ wọn káàkiri ayé, bẹ́ẹ̀ mílíọ̀nù 2 àti ààbọ̀ fóònù ni wọ́n ti kó jáde. Bí a bá tẹ̀ lé ìrònú àwọn ará wa, ẹni 35 yẹn ló ba tiwọn jẹ́, nítorí tàwọn yòókù ò jó. Ní oṣù kejìlá 2020, Apple gbà pé ojú iPhone 11 díẹ̀ lè dẹ́kun gbígbọ́ ìka, ó sì sọ ìgbà tí wọ́n ṣe wọ́n: oṣù kọkànlá 2019 sí oṣù karùn-ún 2020. Ẹni tó ra èyí tí wọ́n ṣe ní oṣù kẹta 2020 àti ẹni tó ra ti oṣù kẹjọ lè máa lò ó bákan náà gẹ́lẹ́, kí tẹnì kan kú kí tẹnì kejì yè. Ọjọ́ ìbí fóònù ló yàtọ̀. Ọwọ́ wọn kò yàtọ̀.

Ìlà aláwọ̀ ewé náà ńkọ́, tí wọ́n ń pè ní ìjábọ́ lójoojúmọ́? Níbi tí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé àwòrán ti so mọ́ ojú AMOLED ni ó ti ń wá. Bí ìsopọ̀ yẹn bá ti tú díẹ̀, ìlà á yọ, láìsí pé ẹnikẹ́ni gbá fóònù mọ́ nǹkan kan. Ní Íńdíà, àwọn èèyàn pariwo títí. Ní 2024, Samsung pààrọ̀ ojú àwọn Galaxy kan tó ní ìlà yìí lọ́fẹ̀ẹ́, S21 àti S22 Ultra wà nínú wọn. Ilé iṣẹ́ OnePlus ṣèlérí níbẹ̀ pé títí ayé fóònù ni òun yóò máa dáhùn fún ìlà yẹn. Ṣé ọwọ́ ará Íńdíà rọ̀ ju ọwọ́ ará Ajégúnlẹ̀ lọ ni? Àwọn kọ̀ láti gba ẹ̀bi, ìyẹn nìkan ni ìyàtọ̀.

Ní ti pé ká lọ ra olówó ńlá: Galaxy Fold tó ń lọ fún dọ́là 1,980 ní 2019 bàjẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníròyìn tí wọ́n fún láti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì sún títà rẹ̀ láti oṣù kẹrin di oṣù kẹsàn-án. Ó tó bẹ́ẹ̀.

N kò bínú sí àwọn oníṣẹ́ wa. Ọ̀pọ̀ wọn mọ iṣẹ́ ju bí a ti ń rò lọ, wọ́n sì ń ṣe é láìsí ìwé àwòrán inú fóònù, láìsí ẹ̀yà ojúlówó, lórí iná jẹnẹrétọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí gbólóhùn yẹn ń ṣe fún wọn. Oníṣẹ́ á yọ ojú AMOLED, á fi kọ́pì LCD rọ́pò rẹ̀. Á nípọn ju ti tẹ́lẹ̀, á ṣókùnkùn nínú oòrùn, á sì máa fa bátìrì gbẹ. Á ní kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò níwájú òun, nítorí bí ẹ bá ti fẹsẹ̀ kan jáde, kò sí wọ́ráńtì. Bó bá kú lọ́sẹ̀ kejì, "Mọ́mì, ọwọ́ yín ni o." Ẹni tó ta fóònù sọ ọ́ fún oníṣẹ́, oníṣẹ́ sọ ọ́ fún wa, àwa náà sọ ọ́ fún ọmọ wa. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò tilẹ̀ gbọ́ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, kí ló fẹ́ tún ṣe?

Àwọn tó ń san owó irọ́ yìí kì í ṣe ọlọ́lá. Láti ìgbà tí náírà wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ìyá tó ń ta tòmátò ní Máìlì 12 ti kọ́ láti máa gba owó lórí fóònù. Bí ojú fóònù rẹ̀ bá ṣókùnkùn láàárọ̀, kò lè mọ̀ bóyá owó wọlé, ọjà rẹ̀ ò sì lè dúró dè é. Ẹni bẹ́ẹ̀ ni a ń sọ fún pé ọwọ́ rẹ̀ ló fà á.

Òfin wà o. Òfin tó dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, ti ọdún 2018, ní a lẹ́tọ̀ọ́ sí ọjà tó dára, tí kò ní àlèébù, tó sì lè lo àkókò tó bójú mu nínú irú ìlò tí gbogbo èèyàn ń lò ó fún. Ó fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tí kò dáa padà, ó sì pa á láṣẹ fún ẹni tó ń ta tòkunbọ̀ tàbí èyí tí wọ́n tún ṣe pé kó kọ ọ́ síta gbangba. Kò sí ibi tó ti ní kí oníbàárà kọ́kọ́ búra pé kò já bọ́. Pátákó "Kò sí ìdápadà owó" tí wọ́n gbé kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù kò lè pa ẹ̀tọ́ yẹn rẹ́.

Fóònù tó kú lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó bí gbogbo èèyàn ṣe ń lò ó, ní ìlú tí wọ́n ti tà á, nínú ooru ìlú náà, lórí iná ìlú náà, ẹni tó ṣe é ló bà á jẹ́, ẹni tó tà á ló sì gbọ́dọ̀ dáhùn. Ẹ tọ́jú rìsíìtì yín. Ẹ ya fọ́tò àìsàn náà lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni tó tà á bá kọ̀, ẹ kọ̀wé sí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, tàbí kí ẹ gbé e lọ sí LASCOPA tó jẹ́ ti ìjọba Èkó. Bí oníṣẹ́ bá sì bi yín léèrè ohun tí ẹ ṣe fún fóònù, ẹ má ṣàlàyé kankan. Ẹ ní kó tú u, kó sọ ohun tó rí nínú rẹ̀.